Iwájú Okùn Ni Dandan

Wùnmí ò jókòó, kò sì jẹ́ kí ọkọ ẹ̀ sinmi.

Ó ti tẹ́ ìró ańkárá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ta sí etí títì tí páréèdì máa gbà kọjá nínú ọgbà ìgbafẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ wọlé síwájú ẹ̀, ojú ló fi ń lé e.

"Daddy Anna, ẹ má kúrò níbẹ̀ yẹn o!"

Ọládipúpọ̀ kanra. "Ṣebí ojú ọ̀run ni wọ́n máa yin iná aláràbarà tẹ́ ẹ ní ká wá wò yẹn sí? Ẹni tó wà lẹ́yìn náà á rí i. Ká ti jókòó sílé wa ní Accokeek!"

Wùnmí na ọrùn. Ó tún wo fóònù.

Orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníjó yọ. Ẹnì kan tó gbé aṣọ kìnnìún onírun wọ̀ látorí dé ẹsẹ̀ ń jó bọ̀ láàárín wọn.

Kìnnìún dé iwájú Ọládipúpọ̀, ó dúró.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì.

Àwọn òyìnbó bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ọládipúpọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ọn.

Ọdún kejì rèé tó ti lé àkọ́bí ẹ̀ jáde nílé, torí pé ọmọ náà fi ilé ìwé nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó lóun fẹ́ máa jó. Ọládipúpọ̀ ní wọn ò gbọ́dọ̀ forúkọ ọmọ náà pe òun mọ́. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi orúkọ Anna, àbúrò ọmọ náà, pè é.

Wùnmí gbé okùn sókè.

"Daddy Jesse," ó ní, "ẹ lọ gbé ọmọ yín dìde."