Oníkọ̀ǹpútà Ọjọ́bọ̀

Ní àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, dókítà àgbà náà máa ń gbá yàrá tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Á nu àga mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, á wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, á sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀. Kò sí aláìsàn kankan tó ń bọ̀. Ó ti ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa láti ọdún tó kọjá, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Oníkọ̀ǹpútà ló ń retí.

Ọmọbìnrin kan ni Oníkọ̀ǹpútà. Dókítà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn dókítà ló rán an wá, irú ètò tó máa ń ṣírò bílì aláìsàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fóònù, ó yẹ kí bàbá yìí sọ fún wọn pé òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta rèé tí ohùn èèyàn ti wọ etí rẹ̀ kẹ́yìn. Kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ rán èèyàn wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú ẹ̀."

Irọ́ kan ló bí èkejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní nọ́ọ̀sì òun gba ìsinmi, ó ní àwọn aláìsàn kì í sábà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọbìnrin náà so káàdì ilé iṣẹ́ mọ́ ọrùn, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ó ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ńlá tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí kẹ́yìn, ó pa á dé, ó sì sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí àyè gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Dókítà, a nílò aláìsàn tí a máa fi dán an wò. Ẹ sọ ẹnì kan fún mi."

Bàbá ronú. "Télọ̀ kan wà. Ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn."

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí télọ̀ náà ti kú, kì í sì í ṣe ikọ́ ló pa á. Ọmọbìnrin náà tẹ ikọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ oògùn sí i, bílì sì jáde lójú ẹ̀rọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò tíì jókòó tó ti béèrè: "Télọ̀ wa ńkọ́? Ṣé ó rí oorun sùn?"

"Ó sùn díẹ̀," ni dókítà wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú ara rẹ̀ tì í.

Báyìí ni wọ́n ṣe fi oṣù mẹ́rin dán ètò wò. Wọ́n fi ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú sí i, wọ́n fi awakọ̀ tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju ikú lọ sí i, títí wọ́n fi di mẹ́tàlélógún. Ìyàwó dókítà tó ti di olóògbé ló máa ń fọwọ́ kọ bílì nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà bàbá ò mọ nǹkan kan nípa bílì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ń béèrè ohun kan náà. Ọmọbìnrin náà á tún ṣàlàyé. Bí bàbá bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi ètò náà wé ti ilé iṣẹ́ mìíràn, á ní, "Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, Bàbá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́."

"Irú ọlọ́jà wo nìwọ, tó ò fẹ́ kí n rajà?"

Á rẹ́rìn-ín, á sì bu búrẹ́dì tó gbé wá sí méjì. Kò so káàdì mọ́ ọrùn mọ́; ó ní okùn rẹ̀ ń ha òun lọ́rùn. Nígbà kan tí bàbá bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní, "Èmi àti rédíò ni, sà."

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ dókítà fóònù láti ìlú tó ń gbé. "Bàbá, ẹni tó fẹ́ ra ilé yẹn ti ṣetán. Kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa kóṣù tó parí."

"Mo gbọ́."

Ilé kọ́ ló dun bàbá. Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ohun tó tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ó ti fi àkókò ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ á bi í pé kí ló rí tà láti oṣù mẹ́rin, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irọ́ arúgbó. Bàbá pinnu pé òun á ra ètò náà. Kò sí aláìsàn kan tó máa fi kọ bílì fún, ṣùgbọ́n á rà á.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó fóònù ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e. Bàbá sọ orúkọ ilé ìwòsàn rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe ti ń kọ́ ọ láti ìdájí.

"Mo fẹ́ ra ètò bílì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọbìnrin tẹ́ ẹ rán sí mi wí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá, èmi ni mo ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la."

Bàbá gbọ́ bí ọ̀gá náà ṣe ń ṣí ìwé kan.

"Dókítà," ó ní, "ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rán ọmọ yẹn sí yín náà ló padà wá jábọ̀ fún wa pé ẹ ti ti ilé ìwòsàn yín pa, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa."