Ọ̀dà Pupa Lórí Ajá

Láti ọjọ́ tí dìgbòlugi ti pa Quadri, ọmọ àdúgbò wọn ní Muṣin, ọkàn Taoheed kò balẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ajá tó gé ọmọ náà jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Taoheed sì bí láyé, Motọ́lání, ọmọ ọdún méje, tí kì í rí ajá kó má fọwọ́ pa á lórí.

Taoheed lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó padà dé Muṣin, ọ̀dà pupa ti wà lórí àwọn ajá ìgboro tó ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún mọ́tò ṣe. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló wá kùn wọ́n. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Muṣin ní ìtumọ̀ ọ̀dà pupa? Èṣí ni wọ́n fi sàmì sára ilé bàbá rẹ̀; kò pé oṣù kan tí katakata fi wó o palẹ̀.

Ó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òun ò ní dúró de ìjọba. Ó mú ọ̀pá irin.

Ó fi búrẹ́dì tan àkọ́kọ́. Ó ń jùrù lọ́wọ́ nígbà tí irin fọ́ ọ lágbárí. Èkejì sá, ó ká a mọ́ abẹ́ mọ́tò, ó lù ú títí igbe rẹ̀ fi tán. Ẹ̀kẹta jẹ́ abo, ọmú rẹ̀ kún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un, kò gbó, àmọ́ Taoheed ò dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ta sí i láṣọ.

Ó wá ku ajá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Bíngò. Orí rẹ̀ mọ́, kò lámì. Inú Taoheed dùn gidi, torí òun ni Motọ́lání fẹ́ràn jù. Ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà kó máa ṣọ́ ọmọ. Láti ìgbà náà, Bíngò kò fẹnu kan omi, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Taoheed ní ọ̀fọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, Motọ́lání fi ìka rẹ̀ hàn án. Ó ní òun ń gbé omi fún Bíngò ni, ló bá gé òun jẹ. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wá àkísà, ó ń di ìka náà.

“Má sunkún. Bíngò ò lámì. Eré ló ń bá ẹ ṣe.”

Ẹnu èyí ló wà tí Mobọ́lá, dókítà ẹranko ìjọba, fi wọlé pẹ̀lú ike ọ̀dà pupa lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ajá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín tí a kùn lórí yẹn la ti gún lábẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi, ó ku ẹyọ kan tó sá fún wa.”