Ohùn Tó Kìlọ̀ fún Ará Etídò

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́. Ní ìlú Etídò, tó wà lẹ́bàá odò ńlá kan, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adégòróyè. Òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba tó ń kìlọ̀ fáráàlú bí omi bá fẹ́ kún. Ó mọṣẹ́, ó sì láàánú, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ohun tí kò bá ti wọ́n, kò níyì lójú rẹ̀.

Òkè òkun ni wọ́n ti ra ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì náà ń lò. Bí odò bá ti ń ru, yóò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn èèyàn. Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, àwọn tó tà á sì ti ti inú rẹ̀ pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i tún ṣe.

Lọ́jọ́ kan, Mojírádé, igbákejì rẹ̀, wọlé tọ̀ ọ́ wá.

“Ọ̀gá, ètò mìíràn wà o. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ṣe é, inú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá wù ú lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó tún un ṣe kó bá ìlú rẹ̀ mu.”

Adégòróyè bú sẹ́rìn-ín. “Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Mojírádé, ṣé ohun tí gbogbo ayé ń tọwọ́ bọ̀ nìjọba yóò máa lò?”

Lọ́dún náà, òjò rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Ìkìlọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé etí odò ò kúrò nílé. Adégòróyè fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn. Ó rí arúgbó kan, Ìyá Ọdẹ́wálé, tó dúró lórí tábìlì nínú ilé rẹ̀.

“Ìyá, ṣé ẹ ò rí ìkìlọ̀ wa ni?”

“A rí nǹkan, ọmọ mi. Gẹ̀ẹ́sì ni. A rò pé àwọn tó ń ta káàdì fóònù ló tún ń polówó.”

Ó pọ̀n ọ́n jáde. Wọn ò tíì jìnnà tí ògiri ilé náà fi wó lulẹ̀ gbìì. Kò sẹ́ni tó kú lọ́jọ́ náà, àmọ́ bí ìyá náà ṣe ń wo ibi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, omijé bọ́ lójú ọ̀gá.

Ó bẹ àwọn tó ta ètò náà pé kí wọ́n fi Yorùbá sí i. Wọ́n ní kò sí nínú ohun tí àwọn fẹ́ ṣe. Ló bá pe Mojírádé: “Mo ṣìnà. Jọ̀ọ́, gbé ètò tìrẹ yẹn wá.”

Ẹ wá wo ayọ̀! Bí Mojírádé ti ṣí i báyìí, ó pariwo: “Ọ̀gá, ẹ wá wò ó! Àwọn ará Kétu, lẹ́yìn bodè lọ́hùn-ún, ti fi Yorùbá sí i! Wọ́n tilẹ̀ ti jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀!”

Adégòróyè fò sókè bí ọmọdé. Ó ní ohùn Ìyá Ọdẹ́wálé ni kí wọ́n gbà sínú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Etídò.

Nígbà tí odò tún ru, fóònù ń dún jákèjádò ìlú: “Ará Etídò, omi ń bọ̀ o! Ẹ gbé ọmọ, ẹ fa ewúrẹ́, ẹ gòkè!” Gbogbo ìlú gbéra. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wí pé, “Ìyá ti sọ̀rọ̀, ta ló tó jókòó?” Nígbà tí omi dé, ilé òfìfo ló bá. Adégòróyè sì fi ohun tí wọ́n fi kún ètò náà ránṣẹ́ sáyé, kí ìlú mìíràn lè rí i lò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí a fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ fọwọ́ sí, tí àwa náà lè tún ṣe, ó sàn ju ohun olówó ńlá tí wọ́n tì pa mọ́ wa lọ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.