Ife Omi Mọ́mì Támárà

Ará Rọ́ṣíà ni ìyá ọkọ mi, Mọ́mì Támárà. Nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn, bí ètè wọn ṣe gbẹ tó, n kì í fún wọn lómi lálẹ́.

"Ó tó, Mọ́mì. Ẹ ó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì."

Wọ́n kú. Níná, ọmọ wọn obìnrin, gbé ife omi àti búrẹ́dì síwájú àwòrán Màríà, bí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe ń ṣe é.

"Ìyàwó wa, ogójì ọjọ́ ni ẹ̀mí wọn máa fi wà nílé. Má fọwọ́ kan omi wọn o."

Bó ṣe lọ tán, mo pòṣé, mo da omi náà nù.

Lóru, òùngbẹ jí mi. Mo bu omi, ṣùgbọ́n kí n tó gbé e dẹ́nu, ife ti gbẹ. Mo tún un bù, ó tún gbẹ. Mo wá gbọ́ tí ẹnìkan ń gbé omi mì lẹ́yìn mi.

Ohùn Mọ́mì dún létí mi:

"Ó tó, ìyàwó mi. Wàá tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì."