Àrínọlá Oníyùn àti Kámẹ́rà Tó Yàn

Àrínọlá oníyùn kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè láti ilẹ̀ wá. Àlébù tirẹ̀ ni pé bí nǹkan rẹ̀ kò bá dára tó, kàkà kí ó tún un ṣe, ńṣe ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ó bo kékeré, ó bo ńlá, títí bíbò fi di iṣẹ́ sí i lọ́wọ́.

Addo, létí Ajah, ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ojoojúmọ́ ni yóò ru àpótí iyùn rẹ̀ lọ sí àwọn ẹ́sítéètì Lẹ́kí, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì dá a padà lẹ́nu géètì. Bó bá fi máa délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, ẹ̀yìn á sì máa ro ó. Nínú ilé, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń dúró dè é, awọ funfun sì ti bo ojú ìyá náà méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè là á, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ abẹ kò sí nílẹ̀. Kò sí ohun tí Àrínọlá fẹ́ láyé ju kí ìyá rẹ̀ tún ríran lọ. Ìdí nìyí tó fi pinnu láti ṣí ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn olówó lè máa ra iyùn láti inú ilé wọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ má dá a lẹ́bi títí ibí.

Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnkúnlé lọ, ayàwòrán àtijọ́ tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ nítòsí ibùdókọ̀ Ajah. Bàbá kò tíì mú ọjà kankan jáde tó fi béèrè pé, "Kí lo fẹ́ máa fi yà?"

"Iyùn ni, Bàbá. Mo fẹ́ máa gbé e sórí wẹ́bùsáìtì mi."

Bàbá gbé kámẹ́rà méjì kalẹ̀, ó gba ẹyọ iyùn kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi méjèèjì yà á. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, gbogbo ìlà tín-ín-tín àti ihò kéékèèké ara iyùn náà hàn kedere. Nínú èkejì, iyùn náà kàn ń dán ni, kò sí ìlà, kò sí ihò.

"Èyí àkọ́kọ́ ni kí o mú," ni Bàbá wí. "Kọ́sítọ́mà ò lè na ọwọ́ wọ inú fóònù kó fi kan ọjà. Fọ́tò yẹn lọwọ́ ẹ̀. Ìlà ara iyùn yìí ni yóò fi mọ̀ pé iyùn ni. Ike ò ní in."

Ọ̀rọ̀ ike yìí kan Àrínọlá gan-an. Iyùn gidi inú àpótí rẹ̀ kò ju ọ̀wọ́ mẹ́ta lọ, ike ni gbogbo ìyókù. Nígbà tó ń kiri, kò lè purọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí iyùn gidi máa ń tutù lọ́wọ́, ó sì máa ń wúwo. Ike ló ń pe ike, owó ike ló sì ń gbà. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò kejì yìí, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀?

"Bàbá, èkejì ni mo fẹ́. Ó ń dán."

Bàbá na ọwọ́ mú èkejì. "Ó ń dán lóòótọ́. Àrínọlá, àbùjá ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ o."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi dì í. Ó ti rẹ̀ mí."

Ọjà yá. Ike ló ń tà ní iye iyùn. Àlàájà Sìdíkàt láti Igbó Ẹfọ̀n ra odidi ọ̀wọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ̀ lọ sílé ọkọ. Owó iṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ kó pé, ìyá rẹ̀ fọwọ́ wá iyùn tirẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ, èyí tí ìyá tó bí i fi lé e lọ́wọ́.

"Tà á, ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ fi ohun tí mi ò rí ṣe?"

Àrínọlá yà á, ó sì gbé e sórí ìkànnì ní iye tó tọ́ sí iyùn àtijọ́, tó ju ti ìyókù lọ. Kò sẹ́ni tó rà á. Ohun tí gbogbo wọn ń béèrè ni pé, "Kí ló dé tí èyí fi wọ́n tó báyìí? Bákan náà kọ́ ni gbogbo ẹ̀ rí?" Kámẹ́rà tó bo ike ti bo iyùn pẹ̀lú. Ó fi ìtìjú padà lọ bá Bàbá Ògúnkúnlé, ó yá kámẹ́rà àkọ́kọ́, ó tún iyùn ìyá rẹ̀ yà. Ìlà rẹ̀ yọ, ihò rẹ̀ yọ. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Iyùn gidi, ẹ wo ara rẹ̀."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àlàájà Sìdíkàt wo ara iyùn inú fọ́tò náà lóòótọ́. Ó gba iyùn ọmọ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà, ó wá ìlà tì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ká Àrínọlá àti àpótí rẹ̀ mọ́ ojú títì ní Addo.

"Àrínọlá, ìlà tó wà lára iyùn inú fọ́tò yìí, ó dà lára tèmi?"

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá ọkọ ọmọ mi fọwọ́ kan iyùn yẹn lọ́rùn ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Àṣé ohun tó ń rín nìyí! Iyùn tí mo sanwó fún ni mo wá gbà."

Ó ju ike sílẹ̀, ó kó iyùn ìyá Àrínọlá lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn oníbàárà tó kù tí wọ́n gbọ́ ti ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ abẹ sì tán sórí owó tó ń dá padà fún wọn. Ó ti ìkànnì náà pa.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní yàrá. "Ṣé wọ́n ti gbé iyùn náà lọ?"

"Wọ́n ti gbé e lọ, Màmá."

"Ọlọ́run ṣeun o. Ọjọ́ wo wá la máa lọ síbi ojú mi?"

Àrínọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ike rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà fún ẹni tí kò lè fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹni tó bá wá ohun tí yóò bo àbùkù ọjà rẹ̀, yóò bo iyì rẹ̀ mọ́ ọn, lọ́jọ́ tó bá sì mú ojúlówó jáde, ojúlówó náà gan-an ni yóò jẹ́rìí ta kò ó. Ẹ pe ike ní ike, kí ẹ gba owó ike. Ó ń pẹ́ kó tó pé, ó sì ń rẹni, ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ lè sinmi. Ẹni tó tẹ́ ńkọ́?