Pọ́dínnì Tí Adétóún Kò Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìyìn dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti Adétóún fún yín. Ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó sì láájò èèyàn, ṣùgbọ́n kò lè rí ìyìn kó má nawọ́ gbà á, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Nígbà ooru ọdún kan, ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wọn láti Ìlá. Ìbíyẹmí, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, wá sí ilé ìdáná Adétóún láti ṣe pọ́dínnì àwọn òyìnbó fún ìyá náà. Ó sá búrẹ́dì kí ó gbẹ díẹ̀, ó fi tẹ́ inú abọ́, ó da èso pupa kéékèèké tó ti fi ṣúgà sè sí i, ó fi búrẹ́dì bò ó, ó gbé nǹkan wúwo lé e, ó sì fi í sínú firíìjì di ọjọ́ kejì. Nígbà tí Adétóún rí búrẹ́dì náà níbi tó sá a sí, ó yínmú.

"Ìyàwó, ṣé búrẹ́dì àná la ó fún ìyá ọkọ wa jẹ?"

Ìyá, tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́, jẹ pọ́dínnì náà, ó tún bu òmíràn. Ó tutù, ó rọ̀, ó dùn, ó sì kan díẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?" ni ó bèèrè.

Ìbíyẹmí ti lọ tẹ́ ọmọ rẹ̀ sùn lókè. Kíá ni Adétóún ti kúnlẹ̀: "Èmi ni, Màmá."

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọwọ́ rẹ yìí kò ní rí ibi. Bí o ṣe tọ́jú mi, ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ."

Àmín tí Adétóún ṣe ròkè lálá. Ìbíyẹmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Wàhálà dé nígbà tí ìyá ní kí Adétóún tún un ṣe fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá dágbére fún òun. Ì bá bi Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bèèrè ohun tó ti ní òun mọ̀? Ojú tì í. Ó lọ ra búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú iná, èyí tó rọ̀ jù lọ, nítorí kò ní fún àlejò ní búrẹ́dì gbígbẹ.

Ọjọ́ pé, ilé kún. Adétóún dojú abọ́ dé orí àwo níwájú gbogbo èèyàn, ó sì ṣí i. Búrẹ́dì rírọ̀ náà kò lè gba omi èso dúró, pọ́dínnì wó bí ògiri tí òjò pa. Omi pupa ṣàn sórí tábìlì, ó sì bá ìró funfun ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Adétóún ń wò ó bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ìbíyẹmí ló dìde, ó mú aṣọ ìnura, ó kúnlẹ̀, ó ń nu ìró náà. "Ẹ má bínú, Màmá. Àwa la ò ṣe é dáadáa. Ẹ forí jì wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ló pa Adétóún. Ẹni tí òun gba ìyìn rẹ̀ ló ń bá òun gba ẹ̀gàn yìí! Òun náà wólẹ̀, ó ń sunkún.

"Màmá, Ìbíyẹmí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Òun ló ṣe èyí tí ẹ jẹ lọ́jọ́sí. Irọ́ ni mo pa fún yín, mo sì gba àdúrà rẹ̀."

Ìyá kò pariwo. Ó pe Ìbíyẹmí mọ́ra, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì tún àdúrà náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo àlejò. Adétóún wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣe àmín sí àdúrà ẹlòmíràn, kò lè gbójú sókè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe gba ìyìn iṣẹ́ tí ọwọ́ yín kò ṣe. Ẹni tó bá gbà á, wọn yóò ní kó tún un ṣe lọ́jọ́ kan. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.