Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Itan

Ní ọdún 1978, nígbà tó ku díẹ̀ kí Ọláìtán gbé Àrínọlá níyàwó, ó já bọ́ lórí alùpùpù ní Costain, eegun itan rẹ̀ sì kán. Wọ́n tò ó, ṣùgbọ́n egbò náà kọ̀, kò san, ọyún ń jáde níbẹ̀ ṣáá. Ni dókítà eegun kan ní Yaba bá tún ibẹ̀ là, ó sì ki ìlẹ̀kẹ̀ funfun bọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n po oògùn mọ́, tí wọ́n sì sín sára wáyà. Oògùn á máa jáde díẹ̀díẹ̀ lára ìlẹ̀kẹ̀ sínú egbò. Tó bá yá, wọn á máa fà á yọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ Ọláìtán ní Ìyàwó. Wọ́n ní ta ló tún ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ itan bí kò ṣe ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Gertrude, ìyá Àrínọlá, ní Surulere. Obìnrin tó le ni, ìró rẹ̀ máa ń gbálẹ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ á sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀, òun á jókòó. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ìlẹ̀kẹ̀ yìí, àyà Àrínọlá sì já, torí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ àna Mushin látilẹ̀.

Nígbà tó dé ọsibítù, ìyá náà ní kí wọ́n ṣí egbò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ṣé kì í rùn mọ́?”

“Kì í rùn mọ́, Mà.”

“Tí wọ́n bá ń fà á yọ ńkọ́, ṣé ó máa ń dùn ẹ́?”

“Ó máa ń ta mí díẹ̀, Mà. Ẹ̀rín ló wá máa ń pa mí, torí wọ́n á tún pè mí ní Ìyàwó.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó délé, ó ní kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó ní òun ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àrínọlá sunkún, ó dá a lójú pé àwọn àgbà ilé ni ìyá òun lọ kó jọ láti kọ Ọláìtán. Ìlẹ̀kẹ̀ Ọláìtán jáde tán, ó ń rìn láìmú ọ̀pá, ìyá kò tíì dé.

Ọjọ́ kan ló ṣàdédé bọ́ sílẹ̀ nínú tákísì, ó ní kí ni wọ́n ń dúró dè, kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí àlùfáà ní kí ìjọ kúnlẹ̀, ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún, nígbà tí ìsìn sì parí, ó fi ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan há Ọláìtán lọ́wọ́, ó ní, “Abẹ́ orúnkún mi ni wọ́n ti yọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì Yaba yẹn ti pe èmi náà ní Ìyàwó.”